Zanzibar: Òkun Ló Ń Pín Ìgbádùn

Ẹni tó bá jí sí etíkun Paje ní Zanzibar ní òwúrọ̀ tí òkun ti fà, á kọ́kọ́ rò pé wọ́n lu òun ní jìbìtì ni. Omi búlúù tó rí nínú fọ́tò kó tó sanwó ilé ìtura kò sí níbẹ̀. Iyanrìn funfun ló tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ, pẹ̀lú àwọn kòtò kéékèèké tí omi díẹ̀ ṣẹ́ kù sí, àti àwọn obìnrin tó ká aṣọ dé orúnkún tí wọ́n ń rìn lọ síbi tí ìgbì ti ń hó lọ́ọ̀ọ́kán. Àwọn àlejò mìíràn máa ń gbé ìjà lọ bá òṣìṣẹ́ ilé ìtura, wọ́n á ní àwọn kò sanwó wá wo ẹrẹ̀. Òṣìṣẹ́ á rẹ́rìn-ín, á ní kí wọ́n lọ jẹun, kí wọ́n padà wá lọ́sàn-án.

Òṣìṣẹ́ yẹn ló jàre. Òkun ibẹ̀ máa ń kún lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ó sì máa ń fà lẹ́ẹ̀mejì, nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ló sì máa ń wà láàárín kíkún àti fífà. Bó bá kún ní aago méjì lónìí, á tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 lẹ́yìn aago méjì lọ́la kó tó kún. Nígbà tí òṣùpá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé tàbí tó bá di àrànmọ́jú, ìyàtọ̀ láàárín òkun kíkún àti òkun fífà lè tó mítà 4. Ní Èkó, kì í sábà ju mítà kan lọ, ìdí nìyẹn tí ọmọ Èkó fi lè lo gbogbo ayé rẹ̀ lẹ́bàá òkun láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ìgbà tí omi máa kún. Ní ìlà-oòrùn Zanzibar, ilẹ̀ abẹ́ òkun tẹ́ pẹrẹsẹ, omi sì lè fà sẹ́yìn ju kìlómítà kan lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá ti gba kọ́kọ́rọ́ yàrá yín tán, kí ẹ tó béèrè nípa íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ béèrè ìgbà tí òkun máa kún àti ìgbà tó máa fà. Ohun tí ẹ máa rí ṣe lọ́jọ́ náà, ibẹ̀ ló wà.

Unguja ni àwọn onílé ń pe erékùṣù ńlá tí gbogbo ayé mọ̀ sí Zanzibar. Pemba ni èkejì rẹ̀, ó wà ní àríwá. Inú Òkun Íńdíà ni Unguja wà, nǹkan bíi kìlómítà 35 sí èbúté Tansaníà, orílẹ̀-èdè tí Zanzibar àti Tanganyika jọ para pọ̀ dá sílẹ̀ ní 1964. Ọkọ̀ ojú omi tó ń sáré máa ń gbé èèyàn láti Dar es Salaam débẹ̀ láàárín nǹkan bíi wákàtí méjì. Àwọn ọkọ ìyàwó àti ìyàwó tuntun láti Nàìjíríà ti sọ ibẹ̀ di ojú ọ̀nà báyìí, nǹkan mẹ́ta ló sì yẹ kí wọ́n rántí kí wọ́n tó gbéra. Èkíní ni káàdì àjẹsára ibà apọ́njú. Èkejì ni ìnṣọ́ránsì tí ìjọba Zanzibar sọ di dandan láti oṣù Kẹwàá 2024, dọ́là 44 ni. Ẹ̀kẹta sì ni nylon: Tansaníà ti fòfin de báàgì nylon láti oṣù Kẹfà 2019, nítorí náà ẹni tó fi nylon dúdú di gààrí àti kúlíkúlí sínú àpótí, kó yáa wá nǹkan mìíràn fi dì í.

Ẹ jẹ́ ká ti ìgbà tí òkun bá fà bẹ̀rẹ̀, torí ìgbà yẹn ni àwọn àlejò kì í mọ ohun tí wọ́n lè ṣe, bẹ́ẹ̀ lójú tèmi, òun ló dára jù. Ẹ wọ bàtà rọ́bà, kì í ṣe sìlípáàsì, nítorí ẹranko kékeré kan wà láàárín òkúta iyùn tó jẹ́ pé ẹ̀gún dúdú ló fi bora látòkè délẹ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, orí bẹ́ẹ̀dì ló máa lo ìyókù ìsinmi rẹ̀. Bí bàtà bá ti wà lẹ́sẹ̀, ẹ máa tẹ̀ lé àwọn obìnrin yẹn lọ.

Oko wọn ni wọ́n ń lọ. Láti 1989 ni wọ́n ti ń gbin ewéko òkun ní etíkun yìí, mwani ni wọ́n ń pè é, ilẹ̀ Philippines sì ni irúgbìn rẹ̀ ti wá. Wọ́n á ri igi kéékèèké mọ́ iyanrìn ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, wọ́n á ta okùn láti igi kan dé èkejì, wọ́n á wá máa so ewéko náà mọ́ okùn ní ìdì ìdì. Iṣẹ́ tó gba bíbẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tàbí jíjókòó ni. Ìyá kan á jókòó sínú omi tó mù ún dé ìbàdí, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà síwájú, okùn wà lórí itan rẹ̀. Á já sóńsó ewéko kan, á fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ká a lẹ́ẹ̀kan, á fà á le, ó ti sún sí òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láìwo ọwọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n á kórè rẹ̀, wọ́n á gbé e karí, wọ́n á sá a sóòrùn. Òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù ń lọ, níbi tí wọ́n ti ń yọ ohun tó ń mú áísìkiriìmù àti ọṣẹ ìfọyín ki jáde nínú rẹ̀.

Ní Paje, àwọn obìnrin kan ti ń fi tiwọn ṣe ọṣẹ àti ìpara, wọ́n sì máa ń mú àlejò lọ sóko. Ẹ sanwó, kí ẹ bá wọn wọ omi. Ẹ bi wọ́n léèrè bí òkun ṣe rí nísinsìnyí sí ti ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Òkun tó ń gbóná sí i ti ń pa irú ewéko tó lówó lórí jù, ó sì ti di dandan fún àwọn mìíràn láti máa gbìn ín síbi tí omi ti jìn, èyí tó túmọ̀ sí pé ìyá àgbà tí kò mọ odò lú rí ní láti kọ́ ọ. Ẹ gbàṣẹ kí ẹ tó ya fọ́tò wọn. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹni tó jù yín lọ, “Shikamoo” ni ẹ máa wí, “Marahaba” ni yóò sì fi dáhùn. Ọmọ Yorùbá tó bá fi ìkúnlẹ̀ díẹ̀ kún un, àwọn ìyá yẹn kò ní bínú sí i.

Tí omi bá wá padà, etíkun kan náà á di ti àwọn ọ̀dọ́. Paje ni ilé eré káìtì: èèyàn á dúró lórí pátákó, káìtì ńlá tó so mọ́ ọn níbàdí á máa wọ́ ọ lọ lórí omi, nígbà mìíràn á gbé e fò. Kò rọrùn tó bí ó ṣe rí lójú. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ọ gbọ́dọ̀ múra láti mu omi iyọ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò sì kéré. Atẹ́gùn méjì ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Kaskazi máa ń fẹ́ láti ìhà àríwá ìlà-oòrùn láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta. Kusi máa ń ti gúúsù wá láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án. Atẹ́gùn méjèèjì yìí ló sọ Zanzibar di ìlú. Kaskazi ló ń gbé ọkọ̀ ìgbòkun àwọn oníṣòwò wá láti ilẹ̀ Lárúbáwá àti Íńdíà, Kusi ló ń gbé wọn padà sílé, oṣù tí wọ́n sì fi ń retí kí atẹ́gùn yí padà ni wọ́n fi ń fẹ́ ìyàwó, tí wọ́n fi ń kọ́ ilé, tí wọ́n fi ń bímọ.

Àwọn tí kò fẹ́ gbọ́ ìtàn òkun tó fà, kí wọ́n lọ sí Nungwi tàbí Kendwa ní ṣóńṣó àríwá, níbi tí omi ti jìn létí èbúté téèyàn sì lè lúwẹ̀ẹ́ láàárọ̀ lálẹ́. Èrò pọ̀ níbẹ̀ gan-an, orin á sì máa dún títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ohun kan ṣoṣo ló máa gbé mi lọ síbẹ̀: àwọn tó ń kan ọkọ̀ onígi lórí iyanrìn Nungwi. Wọn kì í ya àwòrán ọkọ̀ sórí ìwé. Ojú ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, wọ́n á sì fi òwú tí wọ́n ti rẹ sínú òróró dí àlàfo pátákó. Ẹni tó bá fẹ́ wo ẹja aláràbarà nínú òkun, apá Mnemba ni ọkọ̀ á gbé e lọ, á fi gíláàsì bojú, á fi ọ̀pá tí wọ́n fi ń mí sẹ́nu, á dojú bolẹ̀ lójú omi. Ẹ má fọwọ́ kan òkúta iyùn. Nǹkan ẹlẹ́mìí ni, ẹsẹ̀ kan tó tẹ̀ ẹ́ ti lè ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún jẹ́.

Nakupenda ni mo máa ń gba àwọn ọlọ́mọ nímọ̀ràn pé kí wọ́n lọ. Òkìtì iyanrìn funfun kan ni láàárín òkun, kò jìnnà sí Stone Town. Kò sí igi níbẹ̀, kò sì sí ilé. Tí òkun bá fà, ó máa ń yọ. Tí òkun bá kún, ó ti wọmi. Àwọn ọlọ́kọ̀ á gbé àlejò lọ, wọ́n á ta aṣọ fún ibòji, wọ́n á yan ẹja àti edé ńlá, wọ́n á gé máńgòrò àti ọ̀pẹ̀yìnbó. Àwọn ọmọdé á máa sáré kiri. Nígbà tó bá yá, ẹ máa rí i pé ilẹ̀ tí ẹ jókòó lé ti ń kéré sí i, ọlọ́kọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ láìwí fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tí mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn ni lílépa ẹja dọ́fínì ní Kizimkazi, ní gúúsù. Ọkọ̀ bíi mẹ́wàá á yí ẹja mẹ́ta ká, ẹ́ńjìnnì á máa ké, wọ́n á ní kí àlejò bẹ́ sómi lé wọn lórí. Èwo ni ìgbádùn nínú ìyẹn? Bí ẹ bá ti wá dé Kizimkazi, mọ́ṣáláṣí kékeré kan wà níbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri rẹ̀ ti wà láti 1107, ọ̀kan lára èyí tó pẹ́ jù ní gbogbo etíkun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Ẹ bo ara yín dáadáa, kí ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín.

Ọ̀rọ̀ aṣọ yìí ṣe pàtàkì. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù lọ ní Zanzibar, aṣọ etíkun sì gbọ́dọ̀ dúró sí etíkun. Pàápàá ní Stone Town, ìlú àtijọ́ tí UNESCO ti fi sínú ìwé ogún àgbáyé láti ọdún 2000. Òkúta iyùn ni wọ́n fi kọ́ ọ, àwọn òpópó rẹ̀ sì há débi pé bí ọ̀kadà bá ń bọ̀, ògiri ni ẹ máa fẹ̀yìn tì. Ẹ jẹ́ kí ọ̀nà pòórá mọ́ yín lójú. Ìlú náà kò tóbi, etí òkun lẹ máa já sí nígbẹ̀yìn. Ilẹ̀kùn onígi ni kí ẹ máa wò, èyí tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí lára tí wọ́n sì fi ìṣó idẹ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ààfin ìyanu tí Súlútánì Barghash kọ́ ní 1883, apá kan rẹ̀ wó ní oṣù Kejìlá 2020. Níwájú ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ja ogun tí àwọn òpìtàn ń pè ní èyí tó kúrú jù láyé: ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí ààfin ọba ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ 1896, kò sì pé wákàtí kan tó fi parí.

Ibi tí ẹsẹ̀ mi máa ń dúró sí ni Jaws Corner, oríta kékeré kan níbi tí àwọn àgbà ọkùnrin ti ń mu kọfí nínú ife pínnísín, tí wọ́n ń jiyàn ọ̀rọ̀ ìṣèlú. Pèpéle òkúta ló yí iwájú àwọn ilé ká, baraza ni wọ́n ń pè é, orí irú rẹ̀ káàkiri ìlú sì ni wọ́n ti ń ta bao. Ọmọ Yorùbá tó bá dúró tì wọ́n, ìṣẹ́jú kan ni yóò fi mọ̀ pé mọ̀lẹ́bí ayò ọlọ́pọ́n rèé, ṣùgbọ́n kó má yára jókòó o. Ọpọ́n ayò tiwa ní ihò 12 àti ọmọ 48; ọpọ́n bao ní ihò 32 ní ìlà mẹ́rin, ọmọ rẹ̀ sì jẹ́ 64. Ìlà méjì méjì ni olúkúlùkù ń ṣọ́. Nínú ayò, ọmọ tí a bá jẹ ti kúrò lọ́pọ́n nìyẹn. Nínú bao, ọmọ tí ẹ jẹ lọ́wọ́ ọ̀tá ẹ̀gbẹ́ tiyín lẹ máa tún un gbìn sí, á sì tún lè jẹ òmíràn, kó tún jẹ òmíràn, débi pé ẹni tó ń yọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ sẹ́yìn á kàn rí i pé iwájú òun ti ṣófo. Ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, ọmọ 22 wà lọ́wọ́ olúkúlùkù tí wọn kò tíì gbé sórí ọpọ́n. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń mú un sílẹ̀. Ọ̀tá ò lè ka ohun tó wà lọ́kàn yín. Mo ti rí bàbá kan tó ń ta á láìbojú wo ọpọ́n, ó ń bá ọlọ́jà kan dúnàádúrà iye ẹja, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ geere láti ihò dé ihò, ó sì gba ayò náà. Bí ẹ bá fi ìrẹ̀lẹ̀ béèrè, wọ́n á kọ́ yín. Wọ́n á nà yín pẹ̀lú.

Ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ti Stone Town kò sí lára ohun tí à ń pè ní fàájì, síbẹ̀ ẹ má fò ó. Ojú ọjà ẹrú tí wọ́n tì pa ní 1873 ni wọ́n kọ́ ọ sí, ibi tí pẹpẹ rẹ̀ sì wà ni ibi tí igi tí wọ́n ń de ẹrú mọ́ nà wà tẹ́lẹ̀. Nínú ọgbà rẹ̀, ère ẹrú márùn-ún dúró nínú kòtò, tòun ti ẹ̀wọ̀n lọ́rùn wọn. Ẹni tó bá ti débẹ̀ ló máa mọ ohun tó ń gbóòórùn nígbà tó bá dé oko kànáfùrù, nítorí ẹrú ni wọ́n kó wá sí erékùṣù yìí láti wá gbin kànáfùrù náà nígbà ayé Súlútánì Sayyid Said, ọba Oman tó gbé ìtẹ́ rẹ̀ kúrò ní Muscat wá síbẹ̀.

Kànáfùrù yìí ni èyí tí ẹ mọ̀ lọ́jà nílé, tí àwọn ìyá ń wọ̀n sínú ike kékeré. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò rí igi rẹ̀ rí. Igi gíga ni, òdòdó tí kò tíì là ni wọ́n sì ń ká. Tí òdòdó bá fi là pẹ́rẹ́, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Nígbà tó bá ṣì ní àwọ̀ ewé tútù tó ń pọ́n bọ̀ ni ẹni tó gun igi á já a ní ṣírí, wọ́n á yà á kúrò lára ọ̀pá rẹ̀, wọ́n á sá a sórí ẹní lẹ́bàá títì fún ọjọ́ mélòó kan títí tó fi máa di àwọ̀ ilẹ̀. Pemba ni èyí tó pọ̀ jù ti ń jáde lónìí. Ní àwọn oko àyíká Kizimbani, kò jìnnà sí Stone Town, ẹni tó ń mú yín kiri á já ewé kan, á fọ́ ọ lọ́wọ́, á ní kí ẹ gbóòórùn rẹ̀, kí ẹ sọ ohun tó jẹ́. Àwọn òyìnbó máa ń kùnà. Àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà máa ń gba ti atale àti ti ewé tíì, a wá ń sọnù nígbà tó bá kan kádámọ́mù àti fànílà, tí ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé ìyẹ̀fun òdòdó rẹ̀ sínú ara wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan á gun àgbọn, á máa kọrin lókè, á já èyí tí ẹ máa mu. Ẹ fún un lówó.

Igbó Jozani, ìdajì ọjọ́ tó o. Ọ̀bọ pupa kan wà níbẹ̀ tí kò sí níbòmíràn láyé àyàfi Zanzibar, kò ní àtàǹpàkò, ó sì máa ń jẹ èédú igi láti fi pa oró ewé tó jẹ. Ní erékùṣù Changuu, àwọn ìjàpá ńlá tí ìran wọn wá láti Seychelles ní 1919 ṣì ń rìn kiri, nọ́ńbà ọjọ́ orí wọn wà lẹ́yìn wọn. Ọgbà ẹ̀wọ̀n tí wọ́n kọ́ síbẹ̀, wọn kò fi ẹlẹ́wọ̀n kankan sí i rí. Ẹ má jókòó lé ìjàpá náà; ó yà mí lẹ́nu pé ó tún di ohun tí a ń sọ.

Tí oòrùn bá ń wọ̀ ní Stone Town, ọgbà Forodhani ni gbogbo ìlú ń kọjú sí. Bí òkun bá kún ní ìrọ̀lẹ́ náà, àwọn ọmọkùnrin á tò sórí ògiri èbúté, wọ́n á sáré, wọ́n á ta òkìtì, wọ́n á já sómi. Makachu ni orúkọ eré náà, èrò á sì máa pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn wọn ni àwọn olóúnjẹ ti ń tan iná. Ẹja àti edé tí wọ́n gún mọ́ igi sórí tábìlì dùn-ún wò, ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín ìgbà tí wọ́n ti wà níbẹ̀. Èmi, urojo ni mo máa ń lọ mu: ọbẹ̀ olómi tó kan díẹ̀, aláwọ̀ ìyeyè, tí wọ́n á ju ànàmọ́, ẹyin, ègé gbígbẹ àti bajia sí. Ẹ̀wà lílọ̀ ni wọ́n fi ń din bajia náà nígbà mìíràn, ọmọ ìyá àkàrà sì ni. Pízà tiwọn kò jọ pízà kankan: ìyẹ̀fun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n á tẹ́, wọ́n á kó ẹran lílọ̀, àlùbọ́sà àti ẹyin sí i, wọ́n á ká a, wọ́n á din ín. Omi ìrèké tí wọ́n fún pọ̀ mọ́ atale àti ọsàn wẹ́wẹ́ ni kí ẹ fi sìn ín lọ́fun.

Òjò ńlá máa ń rọ̀ láti oṣù Kẹta dé oṣù Karùn-ún, àwọn ilé ìtura kan tiẹ̀ máa ń tì. Oṣù Kejì ni ọdún orin Sauti za Busara máa ń kún Stone Town. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí n yan oṣù kan ṣoṣo, oṣù Keje ni mo máa yàn, nítorí ọdún Mwaka Kogwa ní Makunduchi, abúlé kan ní gúúsù. Ọdún tuntun àwọn ará Páṣíà àtijọ́ ló ti ṣẹ̀ wá. Àwọn ọkùnrin á pín sí ọ̀nà méjì, wọ́n á fi ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ na ara wọn títí inú tó ti ń bí wọn láti èṣín á fi rọ̀. Àwọn obìnrin á wọ aṣọ tó dára jù, wọ́n á máa kọrin kọjá. Wọ́n á dáná sun ahéré kan tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ kọ́. Wọ́n sì gbà pé kò dára kí ilé kan wà láìní àlejò lọ́jọ́ náà, nítorí náà ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ pàápàá á rí ilé tó ti máa jẹun. Ẹ má kọ oúnjẹ wọn, kí ẹ sì sá fún ibi tí wọ́n ti ń ju ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀.